Kíkó ímeèlì àti àdírẹ́sì oníbàárà láti inú Outlook 2010 lọ sínú Thunderbird

Aladire_Itoku

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń wá, torí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìtòkú ti fẹ́ kú. Ojú rẹ̀ á tàn, á tún ṣókùnkùn, inú rẹ̀ sì ń pariwo. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, Outlook 2010 ni màmá mi sì fi ń gba ímeèlì. Àdìrẹ là ń tà, ẹlẹ́kọ àti oníko, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa kò sì gbé Nàìjíríà. Iye yáàdì tí wọ́n fẹ́, irú ọnà tí wọ́n yàn, iye tí wọ́n ti san àti èyí tó kù, inú ímeèlì yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. A ò kọ ọ́ sí ìwé kankan.

Mo ti ra láptọ́ọ̀pù tuntun, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Thunderbird, ètò ímeèlì míràn, ni mo fẹ́ máa lò torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí mo ti ṣe rèé. Mo rí fáìlì kan tó ń jẹ́ Outlook.pst, ó lé díẹ̀ ní 11GB. Mo fẹ́ kọ́pì rẹ̀ sórí fíláṣì 32GB, fíláṣì ní fáìlì náà ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo tún lo Export láti kó orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà sínú CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tó dà bíi tábìlì. Nígbà tí mo ṣí i, Ṣọlá ti di "??lá", Adéọlá ti di "Adé?lá".

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí wa ní kí n gbé ti àtijọ́ wá, kí òun fọ́mátì rẹ̀ kí n lè tà á. Ó ní tí mo bá ti fi páswọ́ọ̀dù sínú tuntun, gbogbo ímeèlì á padà wá fúnra rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

OmoAke

Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e fún un. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́mátì nǹkan kan títí ẹ ó fi rí gbogbo ímeèlì yín lórí láptọ́ọ̀pù, tí ẹ sì ti ṣí wọn wò.

Ọ̀rọ̀ "á padà wá fúnra rẹ̀" yẹn lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́ tó máa pa yín lẹ́kún. Ó kù sí bí wọ́n ṣe so Outlook yín mọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń gba ímeèlì fún yín. Ẹ ṣí Outlook, ẹ tẹ File, ẹ tẹ Account Settings. Ẹ máa rí àdírẹ́sì yín níbẹ̀, ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ Type. Tó bá jẹ́ IMAP, orí sáfà ni ímeèlì ń gbé, ẹ̀dà rẹ̀ ni Outlook ń fi hàn yín. Tó bá jẹ́ POP, Outlook ń fà wọ́n wá sílé ni, ó sì lè máa pa wọ́n rẹ́ lórí sáfà. A jẹ́ pé ohun tó wà nínú PST yẹn, fáìlì tí Outlook ń kó ímeèlì sí, kò sí níbòmíràn mọ́.

Ní ti fíláṣì, FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan láti to fáìlì sórí rẹ̀, ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. FAT32 kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4GB, àyè ì báà ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Ẹ fọ́mátì fíláṣì yẹn, kí ẹ yan exFAT. Windows 7 mọ̀ ọ́n, Windows 11 náà mọ̀ ọ́n. Ẹ pa Outlook dé kí ẹ tó kọ́pì, torí tó bá ṣì wà ní ṣíṣí kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan PST.

Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lálẹ́ yìí. Ìyókù lè dúró.

Panseke_Tech

Àǹtí, ọ̀nà tó rọrùn jù ni IMAP. Ẹ tún àdírẹ́sì yín so mọ́ Outlook gẹ́gẹ́ bí àkáǹtì kejì, IMAP lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ máa wọ́ àwọn fódà inú PST sínú àkáǹtì kejì yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Outlook á gbé wọn lọ sórí sáfà. Tí ẹ bá so àdírẹ́sì kan náà mọ́ Thunderbird lórí láptọ́ọ̀pù, gbogbo rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ wá. Fóònù yín náà á máa rí i. Ẹ ò ní gbé fáìlì kiri. Iṣẹ́ tí IMAP wà fún gan-an nìyẹn láti 1986 tí Mark Crispin ti dá a sílẹ̀: kí èèyàn lè ka ímeèlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tó bá jókòó tì.

Egbon_Ibara

Panseke_Tech, ọ̀nà yẹn dára, mo máa ń lò ó fún ẹni tí ímeèlì rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àǹtí. Ó máa fi 11GB ránṣẹ́ sókè, á tún fa 11GB sọ̀kalẹ̀. 22GB ti lọ nìyẹn, fún ímeèlì tó wà lórí tábìlì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fífi nǹkan ránṣẹ́ sókè sì máa ń falẹ̀ ju fífà á wálẹ̀ lọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tá à ń lò níbí. Kọ̀ǹpútà tó ń kú lọ ló máa ṣe gbogbo wàhálà yẹn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó ti lọ àti èyí tó kù?

Àyè tún ń kọ́? Ẹni tó bá ra ímeèlì mọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àyè tí wọ́n fún un kì í tó 11GB. Gmail pàápàá, 15GB ló ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́tò àti Drive sì wà nínú 15 yẹn.

Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè OmoAke: POP ni àbí IMAP?

Aladire_Itoku

Ẹ ṣé gan-an ni. POP ló wà níbẹ̀. Mo wọ More Settings, mo wọ Advanced, mo sì rí i pé wọ́n fi àmì sí "Leave a copy of messages on the server", pé kó yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọjọ́ 14. Mo fi bíráósà wọ sáfà lọ wò ó, ímeèlì ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ká ní mo ti gbé e fún ọ̀gbẹ́ni yẹn ni, ìwé òwò màmá mi ti parun nìyẹn.

PST ti wà lórí fíláṣì báyìí, exFAT gbà á. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tiyín ni mo fẹ́ tọ̀, torí dátà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Egbon_Ibara

Ó dára. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí Outlook, ẹ lọ sí Send/Receive, ẹ tẹ Work Offline, kó sì wà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ kò bá ṣe é, Outlook àtijọ́ á ṣì máa fa ímeèlì tuntun wálé. Oníbàárà á kọ̀wé lónìí, lẹ́tà rẹ̀ á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ń kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fi Thunderbird sí. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbé PST lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á sì máa wá ibi tí Thunderbird ti máa ṣí i. Thunderbird kì í ka PST fúnra rẹ̀, Outlook ló ń bẹ̀ kó bá òun kà á. Níbi tí Outlook kò bá sí, kò sí ẹni tó máa bá a kà á.

Thunderbird 115 ni kí ẹ wá, òun ló kẹ́yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 7. Ẹ tẹ File àti Help nínú Outlook, ẹ máa rí i bóyá 32-bit ni Office yín tàbí 64-bit. Irú kan náà ni kí Thunderbird jẹ́. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 32 tí èkejì jẹ́ 64, wọn kì í gbọ́ ara wọn yé, Thunderbird á kàn sọ pé òun ò rí Outlook ni. Office 2010 tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, 32-bit ni, Thunderbird tí wọ́n sì máa ń gbé síwájú èèyàn lórí ìkànnì wọn, 64-bit ni. Ẹ ṣọ́ ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ lọ sí Control Panel, ẹ wọ Default Programs, kí Outlook jẹ́ ètò ímeèlì tí Windows kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ṣí Thunderbird. Ó máa ní kí ẹ fi àdírẹ́sì sí i, ẹ má dá a lóhùn, ẹ tì í. Ẹ tẹ Tools, ẹ tẹ Import, ẹ yan Outlook, ẹ yan ímeèlì. Ẹ rí i pé àyè tó lórí kọ̀ǹpútà, torí ẹ̀dà kejì gbogbo ímeèlì yẹn ló máa ṣe. Kí iná má sì lọ láàárín. Tí ẹ ò bá ní inverter, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ibi tí ẹ ń kó lọ yìí ni pé mbox ni Thunderbird fi ń tọ́jú ímeèlì. Fódà kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì kan, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, "From" ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan. Bí Thunderbird bá tiẹ̀ parẹ́ láyé, Notepad lè ṣí èyí tí kò bá tóbi jù níbẹ̀. Òwò ìdílé kò yẹ kó há sínú fáìlì tó jẹ́ ètò tí a ń fowó rà nìkan ló lè ṣí i.

Panseke_Tech

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí dátà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni fóònù. Tí gbogbo ímeèlì àtijọ́ bá wà lórí láptọ́ọ̀pù nìkan, tí oníbàárà bá pe àǹtí nígbà tó wà lọ́jà, kò ní rí ohun tí wọ́n jọ sọ. Tí olè bá sì gbé láptọ́ọ̀pù lọ ń kọ́?

Egbon_Ibara

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, mi ò ní jiyàn. Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí ímeèlì tuntun máa wá nípasẹ̀ IMAP lórí láptọ́ọ̀pù, kí ti àtijọ́ wà lábẹ́ Local Folders, àwọn fódà tó wà lórí láptọ́ọ̀pù nìkan. Fódà ọdún yìí nìkan, tí òwò rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ni kí wọ́n wọ́ sókè sí sáfà bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ìyẹn kò ní jẹ dátà púpọ̀, fóònù á sì rí i. Ní ti olè, kí ẹ̀dà kan wà nílé lórí hard disk.

Oluko_Alabata

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ló mú mi wọlé. Ẹ wo ohun tí àǹtí kọ dáadáa: "Adé?lá". "É" àti "á" kò bàjẹ́, "ọ" nìkan ló lọ. Ìdí ni pé Outlook irú yẹn máa ń kọ CSV pẹ̀lú àkójọ lẹ́tà tó ń jẹ́ Windows-1252, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Faransé ń lo é, Pọtogí ń lo á, nítorí náà wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá sí, àmì ìbéèrè ló ń gba ipò rẹ̀.

Ó ti bàjẹ́ tán nìyẹn, kò sí ètò tó lè tún CSV yẹn ṣe, torí kò sí ohun tó fi hàn bóyá ẹ ni àmì ìbéèrè yẹn tàbí ọ. Ẹ pa á rẹ́. Nínú PST, orúkọ ṣì pé.

Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá jáde ní 1859 la wà yìí. Mi ò fẹ́ kí Adéọlá kankan gba lẹ́tà láti Abẹ́òkúta tó ń kí i ní "Adé?lá".

Ẹ ṣe é báyìí. Nínú Outlook, ẹ lọ sí Contacts, ẹ yí bó ṣe ń fi wọ́n hàn padà sí List tàbí Phone, kí wọ́n tò bíi tábìlì. Òpó (column) tó bá fara hàn nìkan ni ẹ máa rí kó, nítorí náà ẹ lo Add Columns láti mú First Name, Last Name, E-mail, nọ́mbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé jáde. Ẹ tẹ Ctrl àti A, ẹ tẹ Ctrl àti C. Ẹ ṣí LibreOffice Calc, ètò tábìlì bíi Excel, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ má kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ o. Ẹ lọ sí Edit, ẹ lọ sí Paste Special, ẹ yan ti ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní ọ̀ṣọ́. Fèrèsé kan máa ṣí. Ẹ yan Unicode, àkójọ lẹ́tà tó ní ẹ, ọ àti ṣ nínú, ẹ yan Tab gẹ́gẹ́ bí ohun tó pín wọn níyà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orí òpó nọ́mbà fóònù, ẹ sọ ọ́ di Text. Ẹ má gbàgbé èyí rárá, torí tí Calc bá kà á sí nọ́mbà, òdo iwájú 080 àti 070 máa bọ́, gbogbo nọ́mbà oníbàárà yín á di aláìpé.

Tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ẹ yan Text CSV, ẹ fi àmì sí Edit filter settings, ẹ yan UTF-8, irú Unicode kan. Ẹ fi ẹnì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ní ẹ tàbí ọ dán gbogbo rẹ̀ wò ná, kí ẹ tó kó ìyókù.

Nínú Thunderbird, Tools àti Import náà ni, ẹ yan Address Book, ẹ yan CSV. Ó máa béèrè bóyá ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ àwọn òpó, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ so ìkọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnì kejì rẹ̀, kí E-mail yín bọ́ sí Primary Email.

Aladire_Itoku

Olùkọ́, Ọlọ́run á bùkún yín. Mo fi ẹyọ kan dán an wò, "Ṣọlá" jáde ní "Ṣọlá". Mo ti kó gbogbo wọn báyìí, orúkọ pé, òdo sì wà níwájú nọ́mbà.

Ó ku ohun méjì. Màmá mi ní àwọn ẹgbẹ́ tó kó àdírẹ́sì sí, "Ẹlẹ́kọ", "Oníko", "Olówó gbàgede". Wọn ò tẹ̀lé e wá. Èkejì ni pé àwọn kan wà tí orúkọ wọn máa ń yọ jáde nínú Outlook tí màmá mi bá ti tẹ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí wọn nínú Contacts rárá.

OmoAke

Àwọn ẹgbẹ́ kì í bá wọn lọ, àǹtí. CSV kò mọ ẹgbẹ́. Ẹ tẹ New List nínú Address Book Thunderbird, kí ẹ fọwọ́ kó wọn jọ. Ẹ ṣí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú Outlook kí ẹ máa wò ó bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Èkejì yẹn ṣe pàtàkì gan-an, inú mi dùn pé ẹ kíyè sí i kí kọ̀ǹpútà tó kú. Àwọn tó ń yọ jáde yẹn kì í ṣe Contacts. Outlook ló ń rántí gbogbo ẹni tí èèyàn bá ti kọ̀wé sí, ibòmíràn ló sì ń tọ́jú wọn sí. Kò sí Export kankan tó ń kó wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ti kó gbogbo oníbàárà òun, ó di ọjọ́ tó bá fẹ́ kọ̀wé kó tó mọ̀ pé ìdajì kò sí.

Ohun tó rọrùn ni pé tí Sent Items bá ti wọ Thunderbird, gbogbo ẹni tí màmá bá ti kọ̀wé sí wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí lẹ́tà wọn, àmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, onítọ̀hún á wọ Address Book. Kí màmá jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, wọ́n mọ ẹni tó ṣì ń rajà àti ẹni tó ti lọ.

Aladire_Itoku

Mo ti kó ímeèlì. Inbox wọlé, àwọn fódà tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà wọlé, àwòrán tí wọ́n so mọ́ wọn ń ṣí. Mo wo iye tó wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ Outlook, mo fi wé ti Thunderbird, wọ́n bára mu. Sent Items nìkan ni kò bára mu. Ó dúró ní àárín, ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ kò wá. Mo tún un ṣe, ibì kan náà ló ti dúró.

Egbon_Ibara

Tó bá jẹ́ ibì kan náà ló ti ń dúró, PST ló ti jẹrà níbẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tí iná ti ń lọ mọ́ ọn lórí. Ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà nínú Office fúnra rẹ̀, SCANPST.EXE ló ń jẹ́. Ẹ wò ó nínú Program Files, tàbí Program Files (x86), lábẹ́ Microsoft Office, Office14.

Ẹ̀dà PST ti wà lórí fíláṣì, àbí? Ẹ yọ fíláṣì yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa Outlook àti Thunderbird dé. Ẹ ṣí SCANPST, ẹ fi PST tó wà lórí kọ̀ǹpútà hàn án, ẹ jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá sọ pé òun rí àṣìṣe, ẹ fi àmì sí ibi tó ti ní òun máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ tẹ Repair. Ẹ lè ní láti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó sọ pé kò sí àṣìṣe mọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún Import ṣe. Ẹ kọ́kọ́ pa èyí tó ti wọlé rẹ́ nínú Thunderbird, kí lẹ́tà má bàa di méjì-méjì.

Iya_Obantoko

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Windows Live Mail ni tèmi, mo ń fi í tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ ìjọ wa. Kò gba ímeèlì mọ́, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

OmoAke

Rárá, màmá, tiyín tiẹ̀ rọrùn jù ú lọ. Láti oṣù January 2017 ni Microsoft ti pa Live Mail tì. Ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí fáìlì tirẹ̀, .eml ló ń parí orúkọ wọn. Inú AppData, Local, Microsoft, Windows Live Mail ni wọ́n wà. AppData máa ń fara pamọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ní kí Windows máa fi ohun tó fara pamọ́ hàn.

Ẹ kọ́pì fódà yẹn lódindi sórí ẹ̀rọ tuntun. Nínú Thunderbird, ẹ wá àfikún tó ń jẹ́ ImportExportTools NG, ẹ fi sí i. Ẹ ṣe fódà tuntun lábẹ́ Local Folders, ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, ẹ máa rí ibi tí ẹ ti lè kó gbogbo .eml inú fódà kan wọlé pọ̀ pẹ̀lú àwọn fódà abẹ́ rẹ̀. Ẹ kó àdírẹ́sì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde láti inú Live Mail ní vCard (fáìlì àdírẹ́sì) tàbí CSV, kí ẹ sì ṣí i wò dáadáa nítorí ohun tí Olùkọ́ sọ.

Mo tún fi kún un fún ẹni tó bá ń kà á: ètò Mail tó bá Windows 10 wá náà ti parí láti 31 December 2024. Kí ẹni tó bá ṣì ní nǹkan nínú rẹ̀ tètè lọ wò ó.

Aladire_Itoku

Sent Items ti wọlé tán! SCANPST tún un ṣe, iye rẹ̀ bára mu báyìí. Màmá mi ní kí n wá lẹ́tà kan tí oníbàárà kan fi béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ olónà Olókun fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, mo tẹ "Olokun" sí ibi ìwákiri, ó jáde, àwòrán aṣọ náà wà lára rẹ̀. Ṣe ni wọ́n pàtẹ́wọ́.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e lọ sórí láptọ́ọ̀pù báyìí? Mo rí Export nínú Tools Thunderbird, ó ní ó ti tóbi jù.

Egbon_Ibara

Ẹ kú oríire! Export yẹn kì í gbé ju 2GB lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Fódà profile ni kí ẹ fọwọ́ gbé. Nínú Thunderbird, ẹ tẹ Help, ẹ tẹ More Troubleshooting Information, ẹ wá Profile Folder, ẹ tẹ Open Folder. Fódà tó ṣí yẹn ló ni gbogbo ímeèlì àti Address Book. Ẹ pa Thunderbird dé, ẹ kọ́pì fódà náà lódindi sórí fíláṣì. Fáìlì kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ fi Thunderbird tuntun sí i. Ẹ gbé fódà profile yẹn sí ibi tó máa wà títí, kì í ṣe orí fíláṣì. Ẹ wọ More Troubleshooting Information lábẹ́ Help lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tẹ about:profiles níbi tí wọ́n ti fi hàn, ẹ ṣe profile tuntun, ẹ tẹ Choose Folder, kí ẹ fi fódà yẹn hàn án. Ẹ pa á dé, ẹ tún un ṣí. Kò sí ìṣòro pé 115 ni ẹ ti kó o wá, Thunderbird tuntun máa ń gba profile àtijọ́. Àtijọ́ ni kì í gba tuntun, nítorí náà ẹ má gbé e padà sórí Windows 7 mọ́ tí ẹ bá ti ṣí i lórí 11.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so àdírẹ́sì yín mọ́ ọn, IMAP ni kí ẹ yàn, 993 ni ojú ọ̀nà (port) rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Gmail ni, ojú ìwé Google máa ṣí, ibẹ̀ ni ẹ ti máa wọlé, torí láti 2022 ni wọn kì í ti í gba páswọ́ọ̀dù lásán mọ́ lọ́wọ́ irú ètò báyìí.

Oluko_Alabata

Mo fi kan kún un. Tí ẹ bá ti fi páswọ́ọ̀dù sínú Thunderbird, inú profile náà ló ń gbé. Ẹni tó bá rí fíláṣì yẹn he lè wọ ímeèlì ṣọ́ọ̀bù. Ẹ pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ tí ẹ bá ti parí, ẹ má sì gbé e lọ tẹ ìwé ní business centre. PST ni kí ẹ fi sórí hard disk nílé, kì í ṣe orí fíláṣì tí ẹ ń gbé kiri.

Aladire_Itoku

Ó ti wà lórí láptọ́ọ̀pù o! Ímeèlì tuntun ń wá, ti àtijọ́ wà lábẹ́ Local Folders, mo sì ti wọ́ fódà ọdún yìí lọ sókè, fóònù mi rí i. Ẹ̀gbọ́n, OmoAke, Olùkọ́, Panseke_Tech, ẹ ṣé, ẹ kú ìnáwó àkókò. Màmá mi ń kí yín. Ọ̀la la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkó àdírẹ́sì inú Sent Items yẹn, èmi àti wọn.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn tún ti wá béèrè kọ̀ǹpútà àtijọ́. Mo ní kó ṣì ní sùúrù.

Iya_Obantoko

Tèmi náà ti wọlé, OmoAke, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà dà rú, ti ọdún tó kọjá wà láàárín ti 2012.

OmoAke

Bí wọ́n ṣe wọlé ló fi tò wọ́n, màmá, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ Date lórí ìlà òkè, wọ́n á tò padà. Tí ẹ bá rí èyí tí kò ní ọjọ́ rárá, ẹ kọ orúkọ fódà rẹ̀ síbí ká jọ wò ó.